Aago, àwòrán, òpó mẹ́ta, àbí kí ọmọ máa darí? Bí ẹ ṣe lè mú ètò ojúmọ́ tó bá àwọn ọmọ kéékèèké ilé yín mu

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí ilé tiwa ṣe rí, kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti ń wá. Ìbàdàn la wà. Ọmọ méjì ló wà nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n ti lé díẹ̀ lọ́dún mẹ́ta, àbúrò ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan àtààbọ̀. Ẹ̀gbọ́n ń lọ sí kírẹ́ẹ̀ṣì tẹ́lẹ̀ kí owó ibẹ̀ tó di nǹkan tí apá wa ò ká mọ́, a wá ní kó jókòó sílé títí di Oṣù Kẹsàn-án tó máa wọ nọ́sìrì. Èmi, aṣọ ni mò ń rán, inú pálọ̀ ni màṣíìnì mi sì wà, ìyẹn ni pé sísọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ àti ọmọ jọ ń gbé yàrá kan náà. Bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, alẹ́ Fúráìdé ló ń wọlé.

Láàárín ọdún kan tó kọjá yìí mo ti dán ọ̀nà mẹ́rin wò láti fi to ọjọ́ wọn. Mo ti fi àlámù sórí fóònù, mo ti ya àwòrán, mo ti fa pépà ya, mo tún ti sọ pé kí kálukú máa ṣe bó ṣe wù ú. Gbogbo ẹ̀ ló níbi tó dáa sí, gbogbo ẹ̀ náà ló níbi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún, tí ẹ bá wá ń ronú èwo lẹ máa mú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wo èyí tó rẹwà jù lórí Instagram ìyá kan tí pálọ̀ ẹ̀ funfun báláú, ilé tiyín ni kẹ́ ẹ wò.

Kí lẹ máa fi wọ̀n ọ́n?

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi èèyàn ni pé ta ló máa wà pẹ̀lú àwọn ọmọ yẹn lójúmọmọ. Mo mọ̀ pé ọjọ́ orí ọmọ ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé, ẹ lè gbé ètò yín sórí, kò sí wàhálà. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ̀yin láàárọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́sàn-án, ìyá àgbà nírọ̀lẹ́, ètò tó wà lórí yín ò lè ṣe wọ́n láǹfààní kankan, ó ní láti jẹ́ nǹkan tí ẹlòmíì lè fojú rí tàbí tó rọrùn débi tí kò fi ṣeé gbàgbé.

Ọjọ́ orí ló kàn. Ọmọ oṣù mẹ́jọ tó ń sùn lẹ́ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ àti ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń bi yín ní ìbéèrè ọgọ́rùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ètò kan ò lè ṣe àwọn méjèèjì déédéé. Lẹ́yìn náà, kí ló máa ń da ọjọ́ yín rú? Níbò míì omi ni, níbò míì àlejò ni, tiwa iná ni. Àwọn tó wà ní Band A, tó yẹ kí wọ́n máa rí iná 20 wákàtí lójúmọ́, àti ẹni tó wà ní Band E, tó jẹ́ wákàtí 4 ni wọ́n ṣèlérí fún un, oorun ọ̀sán ọmọ wọn ò lè rí bákan náà. Èyí tó kẹ́yìn ni iye tó máa ná yín, owó kọ́ ni mò ń sọ nìkan o, agbára ni, torí ètò tí ẹ ò lè ṣe lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn ń dùn yín, ẹ ò tíì lètò.

Èwo tó wù kẹ́ ẹ mú, àwọn ìwọ̀n kan wà tí kò yí padà. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé, àwọn WHO, gbé ìlànà kan jáde fún àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún, mo sì kọ díẹ̀ nínú ẹ̀ sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n kọ́sítọ́mà. Ọmọ oṣù 4 sí 11, oorun wákàtí 12 sí 16 láàárín wákàtí 24. Ọmọ ọdún 1 sí 2, wákàtí 11 sí 14. Ọmọ ọdún 3 sí 4, wákàtí 10 sí 13, oorun ọ̀sán ti wà nínú gbogbo ẹ̀. Tí ọmọ bá ti pé ọdún kan, kó máa rìn, kó máa sáré, kó máa gun nǹkan fún ìṣẹ́jú 180 lójúmọ́, wọn ò ní kó ṣe é pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá sì ti pé ọdún mẹ́ta, ó kéré tán kí ìṣẹ́jú 60 nínú ẹ̀ jẹ́ eré gidi, eré tó ń mú èèyàn mí hẹlẹ. Fóònù àti tẹlifíṣọ̀n, rárá ni fún ẹni tí ò tíì pé ọdún méjì, kó má sì ju wákàtí kan lọ fún ẹni tó ti pé e títí dé ọdún mẹ́rin. Wọ́n tún ní kéèyàn má de ọmọ mọ́ àga tàbí kó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn ju wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo ka ìyẹn sétí ìyá ọkọ mi, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ẹ̀yìn mi ni ọkọ ẹ wà tí mo fi rìn dé oko, ẹ̀yìn mi náà ló wà tí mo fi bọ̀, ṣé kò wá rìn ni?" Mi ò fèsì.

Ọ̀nà kìíní: táìmù tébù aláago

Èyí ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe, èmi náà ò yàtọ̀. Mo mú rúlà, mo pín pépà sí méjì, mo kọ ọ́ gaara: aago 7 ìwẹ̀, 7:30 ògì àti àkàrà, 8:30 ìwé, 10 eré níta, 12 oúnjẹ ọ̀sán, aago 1 oorun, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé aago 8 alẹ́. Mo fi sẹ́lótéépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Inú mi dùn sí i débi pé mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ ò lè mú mi. Ọjọ́ kẹrin, NEPA mú iná ní aago 12:40. Oṣù Kẹta ni o, ìgbà tí ooru Ìbàdàn máa ń mú kí páànù orí ilé máa dún pàrà. Fáànù yí díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró, àbúrò ń yí kiri lórí bẹ́ẹ̀dì, òógùn ti lẹ irun iwájú orí ẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń fi ìdérí kúlà fẹ́ ẹ. Bó ṣe fẹ́ máa sùn ni ará ilé kejì tan jẹnẹrétọ̀, ariwo ẹ̀ sì jí ẹ̀gbọ́n tó ti ń tòògbé jẹ́jẹ́ tiẹ̀. Aago 3 kọjá ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n tó sùn, aago 5:30 ni wọ́n jí. Aago 11 alẹ́, kọ́sítọ́mà ń pè mí lórí aṣọ òde Sátidé, àwọn méjèèjì ń fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, ìwé tó wà lára fíríìjì sì ń wò mí, ó ní aago 8 ni wọ́n sùn.

Àléébù ẹ̀ nìyẹn. Ó so nǹkan mẹ́wàá pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, tí okùn bá já níbì kan gbogbo ẹ̀ ló máa túká sílẹ̀, ẹ ó wá máa ṣa á kiri títí ilẹ̀ máa fi ṣú. Ní ti owó, pépà kan àti sẹ́lótéépù ni. Ní ti agbára, ọ̀wọ́n ni, torí ojú yín ò ní kúrò lára aago, ohùn yín ò sì ní rẹlẹ̀: ó yá, ó yá, aago mẹ́wàá ti kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì jù ú nù. Ìyá Ìbejì tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, nọ́ọ̀sì ni, ó ń ṣe ṣíìfù, àwọn ìbejì ẹ̀ sì jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá. Òun ò lè ṣe é láìsí aago. Wọ́n ní ínfátà, iná kì í fi bẹ́ẹ̀ dà wọ́n láàmú, ìwé kan sì wà lára ìlẹ̀kùn kíṣìnì wọn tí ọmọ ọ̀dọ̀ ń kọ aago tí Táíwò jẹun sí àti aago tí Kẹ́hìndé jẹun sí. Ó ní kó tó bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn, ọ̀kan máa jẹun lẹ́ẹ̀mejì, èkejì á máa ké, ẹni tó ń tọ́jú wọn á sì búra pé òun ti fún àwọn méjèèjì. Tí ọmọ bá wà lórí oògùn tó ní wákàtí náà, aago lẹ máa lò, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Àbúrò mi tó wà ní London náà aago ló ń lò. Ó ní ojú ọ̀run tọ̀hún ò ṣeé gbọ́kàn lé, ní Oṣù Kejìlá ilẹ̀ á ti ṣú kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù, ní Oṣù Kẹfà aago 9 alẹ́ máa lù oòrùn á ṣì wà lókè, ẹ wá sọ fún ọmọ ọdún mẹ́ta pé alẹ́ ti lẹ́, kó wá sùn. Wàhálà tiẹ̀ ni pé wọ́n ń yí aago padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, Sọ́ńdè tó kẹ́yìn Oṣù Kẹta àti ti Oṣù Kẹwàá, ó wá máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá sún oorun ọmọ ẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kó má baà dé bá wọn lójijì.

Tí aago bá di dandan fún yín, ẹ má kọ ju nǹkan mẹ́rin lọ sórí ìwé náà. Àwọn tí ẹlòmíì gbọ́dọ̀ mọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ kọ. Ta ló bẹ̀ mí kí n kọ aago fún eré bọ́ọ̀lù?

Ọ̀nà kejì: àwòrán ara ògiri, èyí-ló-kàn

Èyí ò ní aago nínú rárá, bí nǹkan ṣe tẹ̀léra ló kù. Mo gé páálí Indomie sí pélébé-pélébé, mo ya kànìnkàn àti ọṣẹ sórí ọ̀kan, abọ́ sórí ọ̀kan, bọ́ọ̀lù, ìwé, bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo na lásítíìkì tí mo fi ń rán ìdí ṣòkòtò sára ògiri, mo fi pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ kọ́ wọn sí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀dì tí mo yà dà bí ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀gbọ́n ṣáà ti gbà pé bẹ́ẹ̀dì ni. Bí a bá ti ṣe nǹkan kan tán, òun ló máa yọ páálí ẹ̀, á jù ú sínú agolo mílíìkì, kọ̀! Ìró yẹn nìkan tó o lówó iṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀ ni pé wàhálà kúrò láàárín èmi àti ọmọ. Tẹ́lẹ̀ èmi ni mò ń sọ pé ó yá, lọ wẹ̀, báyìí páálí ló ń sọ ọ́. Ó tún dé ibì kan tó jẹ́ pé èmi ni wọ́n ń mú. Alẹ́ ọjọ́ kan ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu, mo fẹ́ fo ìwé kọjá, mo ní ká máa lọ sùn, ọmọ yìí dìde, ó na ìka sógiri, "Mọ́mì, ìwé ló kàn o, bẹ́ẹ̀dì ò tíì kàn." Mo jókòó mo kàwé.

Iná mú o, kò mú o, kò kàn án. Tí wọ́n bá pẹ́ jí, ẹ kàn máa bẹ̀rẹ̀ láti orí páálí àkọ́kọ́ ni. Ẹni tí ò mọ̀wé kà náà lè lò ó, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láná á wo ògiri, á mọ ohun tó kàn.

Ibi tó ti ń dunni ni ọjọ́ tí ètò gbọ́dọ̀ yí. Àárọ̀ ọjọ́ kan a fẹ́ gbé àbúrò lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ̀gbọ́n fi ara lélẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní bọ́ọ̀lù ló kàn, a ò tíì ṣe bọ́ọ̀lù, ó sunkún láti ilé dé inú ọkọ̀ mícrà. Ọjọ́ yẹn ni mo padà délé tí mo mú àjákù àǹkárá, mo fi bo páálí kan, mo sọ fún un pé èyí túmọ̀ sí "nǹkan míì". Láti ìgbà náà, tí mo bá mọ̀ pé a ń jáde, mo máa ń fi àǹkárá sáàárín láti alẹ́ àná, tó bá jí tó rí i, á béèrè pé ibo la ń lọ, kò tún sunkún mọ́. Ká ní mo mọ̀, òun ni mi ò bá kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ má ṣe páálí pọ̀ jù. Mẹ́sàn-án ni mo fi bẹ̀rẹ̀, márùn-ún ló kù, márùn-ún tó fún ọmọ ọdún mẹ́ta. Lábẹ́ ọdún méjì kò yé wọn rárá, àbúrò mú páálí tí mo ya abọ́ sí, ó jẹ igun ẹ̀. Owó tó ná mi kò tó ti búrẹ́dì, ṣùgbọ́n odindi ọ̀sán kan ni mo fi gé e, mo tún ti ṣe é lẹ́ẹ̀kejì torí wọ́n da ògì sí ti àkọ́kọ́.

Ọ̀nà kẹta: òpó mẹ́ta

Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ní òpó mẹ́ta tí ilé dúró lé: àárọ̀, tó jẹ́ ìwẹ̀ àti oúnjẹ, oorun ọ̀sán, àti alẹ́, tó jẹ́ oúnjẹ, ìwẹ̀, ààlọ́, kí wọ́n sùn. Gbogbo nǹkan tó wà láàárín wọn lè yí bó ṣe fẹ́. Òpó kọ̀ọ̀kan ò sì lójú aago kan pàtó, àyè ló ní. Tiwa, àárọ̀ wà láàárín aago 7 sí 8:30, oorun ọ̀sán máa bẹ̀rẹ̀ láàárín aago 12 sí 2, alẹ́ láàárín 7:30 sí 8:30. Tí nǹkan bá ti bọ́ sáàárín àyè yẹn, kò pẹ́, kò yá.

Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n mú iná ní 12:40. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a ti bẹ̀rẹ̀ òpó mẹ́ta. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kọ́kọ́ fún wọn lóúnjẹ, mo fi omi tútù nu ara wọn, mo tẹ́ ẹní sí kọ́rídọ̀ níbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, aago 2 ku ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n sùn. Ọjọ́ náà ò bàjẹ́.

Òfin kan ṣoṣo tó le níbẹ̀ ni pé oorun ọ̀sán kò gbọdọ̀ kọjá aago 4. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá sùn, aago 4 ni jíjí. Ohun tó gba alẹ́ wa sílẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyá ọkọ mi. Wọ́n wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n máa ń lò. Ìwé ara fíríìjì ọjọ́sí, wọn ò tiẹ̀ wò ó, wọ́n ní ṣé ìwé ló ń tọ́mọ ni. Òpó mẹ́ta yìí, mi ò tíì ṣàlàyé tán tí wọ́n fi ní bí àwọn náà ṣe tọ́ ọkọ mi nìyẹn, ọmọ á jẹun, á ṣeré, á sùn, tí ilẹ̀ bá ṣú a ó pa ààlọ́. Ṣùgbọ́n kéèyàn jí ọmọ tó ń sùn? Wọ́n ní ojú oorun lọmọ ti ń dàgbà. Mo gbé aago fún wọn, wọn ò wo aago. Ohun tó yanjú ẹ̀ ni mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ẹ bá ti gbọ́ ìpè ìrun Àlàásárì, ẹ ṣí kọ́tíìnì." Wọ́n gbà. Onígbàgbọ́ ni wa o, ṣùgbọ́n ládáàní yẹn ló ń jí àwọn ọmọ mi.

Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Agbára tó ń gbà kéré, èèyàn ò sì nílò láti jẹ́ ọ̀mọ̀wé kó tó há nǹkan mẹ́ta sórí. Ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ àti ọmọ ọdún mẹ́ta lè jọ wà lábẹ́ ẹ̀. Tí ọmọ kékeré bá ṣì ń sùn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, oorun àárọ̀ ẹ̀ máa wà láàárín àwọn òpó, ti ọ̀sán ni kí ẹ jẹ́ kó bá ti ẹ̀gbọ́n pàdé, wákàtí kan yẹn ni mo fi ń lo sísọ́ọ̀sì láìwo ẹ̀yìn.

Àmọ́ kí n má parọ́, àárín òpó ni èṣù máa ń gbà wọlé. Tí ẹ ò bá fi nǹkankan síbẹ̀, fóònù ló máa kún un. Ọjọ́ kan mo ní iṣẹ́ bùbá mẹ́rin lọ́wọ́, mo tan kàtúùn fún wọn ní aago 9 pé kí n fi lé kọ́là kan, nígbà tí mo máa gbójú sókè aago 11:30 ni, àbúrò tí wọ́n ní kó má wo rárá ti la ẹnu sílẹ̀. Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo sọ eré níta di nǹkan àkọ́kọ́ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kí oòrùn tó le, bojúbojú, bọ́ọ̀lù, kí wọ́n ti kẹ̀kẹ́ bọ́ sórí àtẹ̀gùn kí wọ́n tún tì í sọ̀kalẹ̀, mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí mo ń tú aṣọ tí mo rán ṣì. Tí a bá wọlé, apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta wà, ọ̀kan ló ń jáde lójúmọ́: àjákù aṣọ nínú ọ̀kan, ìkòkò àti ṣíbí onígi nínú ọ̀kan, páálí àti kréyọ́ọ̀nù nínú ọ̀kan. Bọ́tìnnì wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí n tó rí ọ̀kan lẹ́nu àbúrò. Bọ́tìnnì ti kúrò ńbẹ̀.

Fúráìdé wá ńkọ́? Bàbá wọn máa wọlé ní aago 9 alẹ́ pẹ̀lú súyà, á yọ́ ẹsẹ̀ wọ yàrá pé òun kàn fẹ́ wò wọ́n, gbogbo ilé á jí. Òpó alẹ́ Fúráìdé, mo ti gbà pé kò sí.

Ọ̀nà kẹrin: kí ọmọ máa darí

Ebi pa á, ó jẹ. Oorun kùn ún, ó sùn. Ẹ̀yin ń tẹ̀ lé e. Fún ìkókó tí ò tíì pé oṣù mẹ́fà, tó jẹ́ ọmú nìkan ló ń mu, ọ̀nà tó yẹ nìyẹn, ìgbàkígbà tó bá fẹ́ ni kẹ́ ẹ fún un, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi táìmù tébù yọ yín lẹ́nu. Ó tún dáa lọ́sẹ̀ tí ara ọmọ ò bá yá, tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tuntun, tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tuntun lé e.

Fún ọmọ ọdún méjì mẹ́ta pẹ̀lú ìyá tó ń ṣiṣẹ́ nílé, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò nínú ẹ̀. Àwọn ọmọ ò ṣe bí ẹni tí ìyà ń jẹ o, inú wọn dùn. Èmi ni mi ò rí ìgbà kankan tí mo lè sọ pé ìṣẹ́jú 40 tó ń bọ̀ yìí tèmi ni, aṣọ méjì ló pẹ́ kọjá ọjọ́ òde, kọ́sítọ́mà kan ò padà wá mọ́ títí di òní.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Tí ẹ bá ní ìbejì, tàbí ẹ ń ṣe ṣíìfù, tàbí ọwọ́ tó ń gba ọmọ yín ju méjì lọ lójúmọ́, ẹ lọ fún aago, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ti oúnjẹ, oògùn àti oorun nìkan, kí ẹni tó wà níbẹ̀ sì máa kọ ohun tó ṣe sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú òyìnbó níbi tí oòrùn ò ti ṣeé tẹ̀ lé, ẹ̀yin náà ńkọ́, aago ni, ẹ ṣáà fàyè sílẹ̀ nínú ẹ̀.

Ọmọ yín tó ti lé lọ́dún méjì àtààbọ̀ tó ń bá yín jà lórí gbogbo nǹkan, ìwẹ̀ ìjà, bàtà ìjà, oorun ìjà, ẹ ṣe àwòrán fún un. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ òyìnbó tó wọ kóòtù nínú sínò ni wọ́n yà síbẹ̀, ẹ gé páálí. Tí ọmọ ọ̀dọ̀ yín ò bá mọ̀wé kà, òun náà nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé, tí ìyá tàbí ìyá ọkọ ń wá gbé lọ́dọ̀ yín, tí iná àti omi ò ṣeé gbọ́kàn lé, tí ọjọ́ orí àwọn ọmọ ò sì dọ́gba, mi ò rí èyí tó ju òpó mẹ́ta lọ. Èmi gan-an, òpó mẹ́ta ni mò ń lò, mo wá so páálí márùn-ún ti ẹ̀gbọ́n mọ́ òpó alẹ́ nìkan, torí alẹ́ ni ìjà tiẹ̀ wà.

Ẹni tó bá ní ìkókó nìkan, ẹ máa sùn nígbà tó bá sùn, ẹ padà wá ka èyí tó bá di oṣù mẹ́jọ.

Èwo tẹ́ ẹ bá mú, ẹ má bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Alẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ tiwa, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lórí oorun alẹ́ nìkan kí n tó fọwọ́ kan ọ̀sán, ọjọ́ kẹta àti ọjọ́ kẹrin ló sì le jù, wọ́n sunkún, èmi náà fẹ́ jọ̀wọ́ ara mi, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹjọ ẹ̀gbọ́n ti ń fa ọwọ́ mi pé ká lọ pa ààlọ́. Tiwa náà máa tún yí tó bá di Oṣù Kẹsàn-án tí ẹ̀gbọ́n bá wọ nọ́sìrì, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ò ní dúró de òpó ẹnikẹ́ni. Mo ti ń wá rúlà. Ìwé aláago máa padà sára fíríìjì, fún àárọ̀ nìkan.